Yẹtí ló mọ́, ojú ò mọ́: àlàyé lórí fífi kámẹ́rà àti lẹ́ǹsì ránṣẹ́ fún àtúnṣe fókọ́ọ̀sì nígbà tí wáráńtì ṣì wà

Ìdána kan ní Bódìjà n'Íbàdàn ni mo ti kọ́kọ́ fura. Ìyàwó jókòó láàárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo sún mọ́ ọn pẹ̀lú lẹ́ǹsì 85mm (nọ́ḿbà yẹn ló ń sọ bí lẹ́ǹsì ṣe ń fa nǹkan sún mọ́ni tó), mo ṣí ojú lẹ́ǹsì dé f/1.8 (bí nọ́ḿbà f bá ṣe kéré tó ni ojú lẹ́ǹsì ṣe ń ṣí tó), mo fi àmì fókọ́ọ̀sì lé ẹyinjú rẹ̀, kámẹ́rà dún pí, mo tẹ̀ ẹ́. Lójú kékeré tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà, fọ́tò náà dùn-ún wò. Nígbà tó di òru tí mo gbé e sórí kọ̀ǹpútà tí mo fẹ̀ ẹ́, ojú ìyàwó rí bí ojú ẹni tó dúró sẹ́yìn kọ́tìnnì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Yẹtí rẹ̀ ló mọ́. Mo ka ilẹ̀kẹ̀ tó so rọ̀ lára rẹ̀, méje ni, mo tiẹ̀ rí ihò tí okùn gbà wọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Mo ṣí fọ́tò mìíràn, bákan náà. Gbogbo èyí tí mo fi lẹ́ǹsì yẹn yà nínú gbọ̀ngàn, etí ló mú, ó fi ojú sílẹ̀.

Mo kọ́kọ́ rò pé ọwọ́ mi ló gbọ̀n. Lẹ́yìn náà mo bá ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi wí, mo ní á jẹ́ pé ó ti jẹ́ kí kámẹ́rà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rárá. Nígbà tí mo wá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Ohun tí mo kọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà ni mo fẹ́ ṣàlàyé níbí, torí pé mo ti rí ayafọ́tò tó ta kámẹ́rà gidi ní owó pọ́ọ́kú, mo sì ti rí èyí tó gbé e fún ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kó tú u, nígbà tí wáráńtì rẹ̀ ṣì wà.

Iṣẹ́ fókọ́ọ̀sì ni pé kí gíláàsì inú lẹ́ǹsì sún síwájú tàbí sẹ́yìn títí ohun tí a ń wò yóò fi mọ́. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí i tẹ́lẹ̀. Ní 1985, Minolta gbé kámẹ́rà kan jáde tí wọ́n pè ní 7000, tó jẹ́ pé inú bọ́dì kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ni ẹ̀rọ tó ń yí fókọ́ọ̀sì wà, ó sì tà gan-an. Láti ìgbà náà ni àwa ayafọ́tò ti ń fi iṣẹ́ yìí lé kámẹ́rà lọ́wọ́, a sì gbẹ́kẹ̀ lé e débi tí a kì í fi í béèrè bó ṣe ń mọ̀ pé nǹkan ti mọ́.

Bó ṣe ń mọ̀ ọ́n rèé. Nínú kámẹ́rà onídígí, èyí tí a ń pè ní DSLR, ìmọ́lẹ̀ gba inú lẹ́ǹsì wọlé, ó lọ kan dígí ńlá kan tó dagun. Púpọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ náà lọ sókè síbi tí a ń yọjú wò. Ṣùgbọ́n àárín dígí yẹn kò dí pátápátá. Ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ kọjá níbẹ̀, ó kan dígí kékeré kan tó fara pamọ́ sẹ́yìn ti àkọ́kọ́, èyí sì darí rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ kámẹ́rà. Ibẹ̀ ni sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn fókọ́ọ̀sì wà. Ó ń wo ohun kan náà láti apá ọ̀tún àti apá òsì lẹ́ǹsì, bí ojú wa méjèèjì ṣe ń wo nǹkan. Bí ohun tó rí ní ọ̀tún kò bá bá ti òsì dọ́gba, ó ti mọ ìhà tó yẹ kí lẹ́ǹsì yí sí, ó sì mọ bó ṣe máa yí tó. Ìdí nìyí tó fi ń yára bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá wá tẹ bọ́tìnnì, dígí méjèèjì á ká sókè, ìmọ́lẹ̀ á sì lọ tààrà sí sẹ́ńsọ̀ mìíràn lẹ́yìn, èyí tó ń ya fọ́tò gan-an. Ohun tó ṣe kókó nìyí: ọ̀nà tí kámẹ́rà fi wọn nǹkan kọ́ ni ọ̀nà tó fi yà á. Ọ̀nà méjèèjì gbọ́dọ̀ gùn dọ́gba. Bí dígí kékeré yẹn bá yẹ̀ níbi tó wà, kódà kó jẹ́ pé yíyẹ̀ náà kò nípọn tó irun orí, ọ̀nà kan ti gùn ju èkejì lọ. Ó dà bí télọ̀ tó fi téèpù kan wọn oníbàárà, tí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ wá fi téèpù mìíràn tó ti fà gé aṣọ náà. Télọ̀ wọ̀n ọ́n dáadáa, ọmọ iṣẹ́ tẹ̀ lé ohun tó kọ sílẹ̀, síbẹ̀ aṣọ kò wọlé. Kámẹ́rà yóò dún pí, yóò sì dá a lójú pé òun ti mú ẹyinjú, bẹ́ẹ̀ etí ló mú. Àwa a máa sọ pé ó ń mú ẹ̀yìn. Èyí tó ń mú iwájú náà wà: imú á mọ́, ojú á ṣú.

Kí ló dé tí kì í fi í hàn ní gbogbo ìgbà? Nítorí pé bí ibi tó mọ́ nínú fọ́tò ṣe máa ń fẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló máa ń tín-ín-rín. Ẹ mú kámẹ́rà tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ tóbi tó fíìmù 35mm àtijọ́, ẹ so lẹ́ǹsì 85mm mọ́ ọn, ẹ ṣí i dé f/1.8, kí ẹni tí ẹ ń yà wà ní mítà 1.5 síwájú yín. Ibi tó mọ́ kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3.4 lọ, ìyẹn ìbú ìka méjì. Láti ẹyinjú dé ibi tí yẹtí so sí ju ìyẹn lọ dáadáa. Ẹ pa ojú lẹ́ǹsì náà dé f/8 láì sún kúrò níbi tí ẹ wà, ibi tó mọ́ á di nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15, àṣìṣe sẹ̀ǹtímítà 4 sì ti ríbi sá pamọ́ sí. Kámẹ́rà mi ti ní àìsàn yìí láti ọjọ́ tó ti wọlé. Oòrùn ọ̀sán àti f/8 ni kò jẹ́ kí n rí i fún oṣù mẹ́jọ.

Èyí tó máa ń rú àwọn ènìyàn lójú jù ni pé kámẹ́rà lè dára, kí lẹ́ǹsì dára, kí àwọn méjèèjì wá pàdé kí iṣẹ́ wọn má dára. Kò sí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe nǹkan kó pé géérégé láìyẹ̀ rárá. Láti ẹnu kámẹ́rà níbi tí lẹ́ǹsì ti ń so mọ́ ọn dé ojú sẹ́ńsọ̀, mílímítà 44 ni ti Canon EF, 46.5 ni ti Nikon F. Ilé iṣẹ́ fàyè gba kó fi ìdá kékeré nínú mílímítà kan yẹ̀ síhìn-ín tàbí sọ́hùn-ún. Ká ní bọ́dì tiyín yẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, kò tíì kọjá ààlà. Ká ní lẹ́ǹsì yín náà yẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, òun náà kò tíì kọjá ààlà. Ẹ so wọ́n pọ̀, díẹ̀ àti díẹ̀ á di púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé lẹ́ǹsì kan náà sára kámẹ́rà ọ̀rẹ́ yín tó yẹ̀ síwájú, ọ̀kan á pa èkejì, fọ́tò á mọ́ gaara bí omi àfòwúrọ̀pọn. Ọ̀rẹ́ yín á búra pé kò sóhun tó ṣe lẹ́ǹsì, ẹ̀yin náà á búra pé ó ní àbùkù, òtítọ́ sì ni ẹ̀yin méjèèjì ń sọ.

Nítorí ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn ilé iṣẹ́ fi gbé ìtọ́jú ráńpẹ́ kan sínú kámẹ́rà. Ní 2007, Canon fi í sínú EOS-1D Mark III, Nikon fi í sínú D3 àti D300. Ẹ lè sọ fún kámẹ́rà nínú mẹ́nù rẹ̀ pé nígbàkigbà tí lẹ́ǹsì báyìí bá wà lára rẹ̀, kó máa fi ìwọ̀n báyìí sún fókọ́ọ̀sì síwájú tàbí sẹ́yìn, láti 0 dé 20. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà olówó kékeré kò ní i. Bí tiyín bá ní i, ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀ kí ẹ tó fi ohunkóhun ránṣẹ́. Àmọ́ kì í ṣe oògùn gbogboǹṣe. Àṣìṣe tó dúró lójú kan ló ń wò. Bí fókọ́ọ̀sì bá ń mú iwájú lẹ́ẹ̀kan tó ń mú ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan, bí lẹ́ǹsì tó ń fa nǹkan sún mọ́ni bá dára ní 24mm tó sì burú ní 70mm, bí àmì fókọ́ọ̀sì tó wà lápá òsì nìkan bá ń ṣìnà, tàbí bí lẹ́ǹsì bá ń lọ tó ń bọ̀ tí kò rí ibi dúró sí, ọwọ́ ilé àtúnṣe nìyẹn wà.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé kámẹ́rà olówó ńlá kò lè ní i. EOS-1D Mark III tí mo dárúkọ yìí, àwọn tó ń ya eré ìdárayá ló ń lò ó jù, àwọn náà ló sì fi sùn ní 2007 kan náà pé fókọ́ọ̀sì rẹ̀ kì í dúró. Canon gbà pé dígí kékeré ẹ̀yìn yẹn ni, wọ́n sì tún àwọn tọ́rọ̀ náà kàn ṣe lọ́fẹ̀ẹ́.

Ti àwọn kámẹ́rà mirrorless òde òní yàtọ̀. Wọn kò ní dígí, sẹ́ńsọ̀ tó ń ya fọ́tò náà ló ń wọn fókọ́ọ̀sì, ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà, nítorí náà mímú ẹ̀yìn tàbí iwájú nígbà gbogbo ṣọ̀wọ́n lára wọn. Bí fókọ́ọ̀sì wọn bá ṣìnà, lẹ́ǹsì ni ẹ máa kọ́kọ́ fura sí, tàbí sọ́fítíwíà. Ohun tí èyí fi ṣàǹfààní fún àwa tí a ṣì ń lo DSLR ni pé kámẹ́rà tiwa náà lè ṣe bíi mirrorless: ẹ tan live view, kí ẹ máa wo ojú gíláàsì ẹ̀yìn dípò ihò òkè, kí ẹ fi fókọ́ọ̀sì mú nǹkan níbẹ̀. Bí fọ́tò live view bá mọ́ tí ti ihò òkè kò mọ́, dígí tàbí ìwọ̀n ló yẹ̀. Bí méjèèjì kò bá mọ́, lẹ́ǹsì ló ń ṣàìsàn. Àyẹ̀wò ìṣẹ́jú márùn-ún nìyẹn, ó sì máa gbà yín lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn.

Kí ẹ tó dá kámẹ́rà lẹ́bi ṣá, ẹ yọ tiyín kúrò. Bí kò bá sí ohunkóhun tó mọ́ nínú fọ́tò, lọ́pọ̀ ìgbà, ìyẹn kì í ṣe fókọ́ọ̀sì, ọwọ́ ló gbọ̀n tàbí ẹni tí ẹ ń yà ló mira. Bí nǹkan mìíràn bá mọ́ níwájú tàbí lẹ́yìn, ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ fókọ́ọ̀sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ wò ó bóyá kámẹ́rà ló ń bá yín yan àmì fókọ́ọ̀sì. Ó sábà máa ń mú ohun tó sún mọ́ ọn jù, bí ìyàwó bá sì gbé abẹ̀bẹ̀ sí iwájú àyà, abẹ̀bẹ̀ ni yóò mú. Ẹ yan àmì àárín fúnra yín. Ẹ yọ gíláàsì ààbò olówó pọ́ọ́kú tí ẹ dè mọ́ iwájú lẹ́ǹsì. Ẹ fi aṣọ tó gbẹ, tó mọ́, nu àwọn irin wẹ́wẹ́ tó ń so lẹ́ǹsì pọ̀ mọ́ bọ́dì.

Agolo mílíìkì márùn-ún ni mo fi ṣe àyẹ̀wò tèmi. Mo tò wọ́n sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé lówùúrọ̀, wọ́n dagun lọ sẹ́yìn, ọ̀kọ̀ọ̀kan fi díẹ̀ wà lẹ́yìn èyí tó ṣáájú rẹ̀, orúkọ ara wọn kọjú sí mi. Mo gbé kámẹ́rà lé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ní mítà 1.5, ìyẹn ibi tí mo sábà máa ń dúró sí ya ojú ènìyàn. F/1.8, àmì àárín, agolo kẹta. Kí n tó ya ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo á kọ́kọ́ fi ọwọ́ yí lẹ́ǹsì kúrò lójú ibẹ̀, ìgbà márùn-ún sí ọ̀nà jíjìn, ìgbà márùn-ún sí ìtòsí, kó lè jẹ́ pé kámẹ́rà wá a fúnra rẹ̀. Mo ya mẹ́wàá. Nínú mẹ́sàn-án, agolo kẹrin ló mọ́. Mo tan live view, mo tún ya mẹ́wàá, agolo kẹta mọ́ nínú gbogbo wọn. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi kò jẹ̀bi.

Ó kù sí ọ̀rọ̀ wáráńtì, tó jẹ́ pé ibẹ̀ ni owó ti ń bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ohun méjì ni àwọn ènìyàn máa ń dà pọ̀. Wáráńtì ni ìlérí tí ilé iṣẹ́ tó ṣe kámẹ́rà ṣe: bí àbùkù bá wá láti ọwọ́ wa láàárín àkókò báyìí, ọdún kan lọ́pọ̀ ìgbà, a ó tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀tọ́ yín lọ́dọ̀ ẹni tó tà á fún yín jẹ́ ọ̀tọ̀, òfin ìlú ló fún yín. Ní Britain, Consumer Rights Act ti 2015 fún oníbàárà ní ọjọ́ 30 láti dá ọjà tó lábùkù padà kó sì gba owó rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tó tà á ló máa tún un ṣe tàbí kó pààrọ̀ rẹ̀, bí àbùkù náà bá sì yọ láàárín oṣù mẹ́fà, ẹni tó tà á ló máa fi hàn pé kò sí níbẹ̀ nígbà tó kúrò lọ́wọ́ òun. Ní Nàìjíríà, òfin ìdáàbòbò oníbàárà tí a ń pè ní FCCPA, ti 2018, sọ pé oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ sí ọjà tó dára tó sì ṣeé lò fún iṣẹ́ tí wọ́n tà á fún, àjọ FCCPC ni a sì ń fi ẹjọ́ sùn. Nítorí náà, bí ṣọ́ọ̀bù kan ní Computer Village n'Ìkẹjà bá sọ pé wáráńtì ọ̀sẹ̀ kan ni àwọn fún yín, ìlérí ti ṣọ́ọ̀bù náà nìyẹn. Kò pa ti ilé iṣẹ́ rẹ́, kò sì pa ti òfin rẹ́.

Wáráńtì ilé iṣẹ́ ní ìlú tirẹ̀. Èyí ni kò yé ọ̀pọ̀ nínú wa tí ẹbí máa ń ra kámẹ́rà fún lókè òkun. Ní Amẹ́ríkà, Nikon ń fún lẹ́ǹsì ní ọdún márùn-ún, ṣùgbọ́n ọdún kan péré ló wúlò káàkiri ayé, mẹ́rin tó kù, Amẹ́ríkà nìkan ni. Kámẹ́rà tó bá gba ọ̀nà ẹ̀bùrú wọ ìlú kan, tí kì í ṣe aṣojú ilé iṣẹ́ níbẹ̀ ló kó o wọlé, aṣojú yẹn lè kọ̀ láti fọwọ́ kàn án. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Nikon ti Amẹ́ríkà kò fi tún irú rẹ̀ ṣe, ẹ ò báà fẹ́ sanwó. Nọ́ḿbà ìdánimọ̀ tó wà nídìí kámẹ́rà ni wọ́n fi ń mọ̀. Ti tòkunbọ̀ kò tilẹ̀ ṣòro: àkókò wáráńtì rẹ̀ ti tán lọ́pọ̀ ìgbà kó tó dọ́wọ́ yín, rìsíìtì rẹ̀ kò sì sí lọ́wọ́ yín.

Àwọn nǹkan kan wà tí wáráńtì kì í gbà rárá: kámẹ́rà tó bọ́ lulẹ̀, èyí tí òjò wọ̀, èyí tí iyanrìn wọ inú rẹ̀, lẹ́ǹsì tó hu èébu, àti èyí tí ẹlòmíràn ti tú. Ẹ jọ̀ọ́, ti ìkẹyìn yìí ni kí ẹ fi sọ́kàn jù lọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí kékeré yẹn, irin róbótó kan wà tí kọ́kọ́rọ́ onígun mẹ́fà ń wọ̀, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lè yí i kó yí fókọ́ọ̀sì padà. Àwọn tó ń tún kámẹ́rà ṣe lójú títì mọ̀ ọ́n. Ó lè dára fún lẹ́ǹsì tí ẹ gbé lọ lọ́jọ́ náà, kí gbogbo lẹ́ǹsì yín tó kù bàjẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́, ojú ibi tí irin náà ti yí á sì wà níbẹ̀ fún ilé iṣẹ́ láti rí.

Ní tèmi, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ra bọ́dì àti lẹ́ǹsì náà ní Lọ́ńdọ̀nù, orúkọ rẹ̀ ló wà lórí rìsíìtì. Òun ló sì ní láti fi í sílẹ̀ fún àtúnṣe, èmi kọ́, wáráńtì sì ku oṣù mẹ́rin. Mo wá ẹni tó ń rìnrìn àjò. Àṣìṣe tí mo ṣe nìyí: bọ́dì nìkan ni mo fi ránṣẹ́. Mo rò pé bọ́dì ló ń ṣàìsàn, kí ni mo tún fẹ́ fi lẹ́ǹsì ṣe? Mo sì ní ìdána méjì tí mo fẹ́ lo lẹ́ǹsì náà fún pẹ̀lú kámẹ́rà tí mo yá. Mo kọ ìwé pélébé kan sí i pé fókọ́ọ̀sì kò dára. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ilé àtúnṣe dá a padà fún ẹ̀gbọ́n mi pẹ̀lú ìwé ìlà kan: a yẹ̀ ẹ́ wò, ó wà nínú ìwọ̀n. Inú mi bàjẹ́. Mo gbà pé wọ́n pè mí ní òpùrọ́.

Wọn ò pè mí ní òpùrọ́. Lẹ́ǹsì ti ilé iṣẹ́, tó pé géérégé, ni wọ́n fi yẹ bọ́dì mi wò. Pẹ̀lú lẹ́ǹsì yẹn, yíyẹ̀ tó wà lára bọ́dì mi kéré, ó wà láàárín ohun tí wọ́n fàyè gbà. Èyí tó wà lára lẹ́ǹsì mi ló ń kún un, lẹ́ǹsì mi sì wà n'Íbàdàn. Bí ẹ bá gba irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹ má bínú jù, ẹ má sì jẹ́ kó tán síbẹ̀. Ẹ béèrè lẹ́ǹsì tí wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ ní kí wọ́n gba bọ́dì àti gbogbo lẹ́ǹsì tó ń ṣìnà pọ̀, kí wọ́n tún wọn ṣe mọ́ ara wọn. Ẹ rí i pé ìwé ìfisùn àkọ́kọ́ ní déètì nínú, torí òun ni ẹ̀rí pé ẹ ti sọ̀rọ̀ kí wáráńtì tó tán.

Nígbà tí mo fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, méjèèjì ni mo fi ránṣẹ́, mo sì tún ìwé mi kọ. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ju báyìí lọ: "Bọ́dì àti lẹ́ǹsì 85mm yìí, papọ̀. Ní mítà 1.5, f/1.8, àmì àárín, ó ń mú ẹ̀yìn ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 4, ìgbà mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Nínú live view, ó mọ́. Mo ti dá ìtọ́jú inú mẹ́nù padà sí 0. Fọ́tò ogún wà nínú flash drive tí mo fi sí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún méjèèjì ṣe mọ́ ara wọn." Ìlà tó sọ̀rọ̀ 0 yẹn ṣe pàtàkì. Bí ẹ bá fi ìtọ́jú tí ẹ fọwọ́ ṣe sílẹ̀ nínú kámẹ́rà, ó lè da ìwọ̀n tiwọn rú, tàbí kí ẹ gba kámẹ́rà tó ti yá padà kí ìtọ́jú àtijọ́ tún máa fà á ṣìnà. Fọ́tò tí ẹ fi ránṣẹ́ kí ó jẹ́ èyí tó ti inú kámẹ́rà jáde tààrà, láì gé e, láì tún un ṣe, torí gbogbo bí ẹ ṣe yà á ló wà nínú fáìlì náà.

Ti dídì rẹ̀: ẹ yọ lẹ́ǹsì kúrò lára bọ́dì, kí ẹ fi ìdérí de ẹnu méjèèjì, níwájú àti lẹ́yìn. Bí wọ́n bá so pọ̀ nígbà tí wọ́n ń ju páálí káàkiri, ẹnu ibi tí wọ́n ti so pọ̀ ni ìfarapa yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ we ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ẹ kó wọn sínú páálí kan, kí ẹ gbé páálí náà sínú òmíràn tó tóbi jù ú lọ, kí nǹkan rírọ̀ sì wà láàárín méjèèjì. Ẹ yọ mẹ́mọ́rì káàdì, okùn ọrùn àti gíláàsì ààbò, àyàfi bí wọ́n bá ní kí ẹ fi wọ́n sí i. Bátìrì tí kò sí nínú kámẹ́rà kò gbọ́dọ̀ wọ inú ẹrù tí wọ́n ń gbé sísàlẹ̀ ọkọ̀ òfuurufú, ọwọ́ arìnrìn-àjò ló gbọ́dọ̀ wà. Ẹ ya nọ́ḿbà ìdánimọ̀ bọ́dì àti ti lẹ́ǹsì ní fọ́tò, ẹ ya gbogbo igun rẹ̀ kó hàn pé kò ní ojú àpá kankan nígbà tó kúrò lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá ń lo ilé iṣẹ́ akóẹrù, ẹ kọ iye rẹ̀ gan-an, ẹ kọ ọ́ pé fún àtúnṣe ni, kì í ṣe fún títà, kí ẹ sì fi ẹ̀dà rìsíìtì sí i. Ẹ̀dà ni mo wí. Ojúlówó kí ó wà lọ́wọ́ yín.

Bí bọ́dì bá jẹ́ ti ilé iṣẹ́ kan tí lẹ́ǹsì jẹ́ ti òmíràn, ọ̀rọ̀ náà le díẹ̀. Canon kò ní tún lẹ́ǹsì Sigma ṣe, Nikon kò ní tún ti Tamron ṣe, wọ́n sì lè sọ pé lẹ́ǹsì àjèjì ló fà á. Ẹ wá lẹ́ǹsì kan tó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ bọ́dì náà, kódà kí ẹ yá a, kí ẹ tún àyẹ̀wò agolo ṣe. Bí ìyẹn bá mọ́, ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe lẹ́ǹsì ni kí ẹ lọ. Ní 2013 ni Sigma gbé ẹ̀rọ kékeré kan jáde tí wọ́n ń pè ní USB Dock, tí ẹ lè fi so àwọn kan nínú lẹ́ǹsì DSLR wọn mọ́ kọ̀ǹpútà kí ẹ tún fókọ́ọ̀sì wọn ṣe fúnra yín, ní ọ̀nà jíjìn lọ́tọ̀, ní ìtòsí lọ́tọ̀. Tamron náà ní irú rẹ̀.

Ìwé tó bá kámẹ́rà mi padà lẹ́ẹ̀kejì gùn ju ìlà kan lọ. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé bọ́dì yẹ̀ sẹ́yìn, lẹ́ǹsì náà yẹ̀ sẹ́yìn, ìkankan kò kọjá ààlà, ṣùgbọ́n àwọn ti fà méjèèjì wá sí àárín gbùngbùn. Wọn ò gba kọ́bọ̀. Ó ku ọjọ́ mọ́kànlá kí wáráńtì tán. Ẹ̀gbọ́n mi fi í rán ẹni tó ń bọ̀ nílé fún ọdún Iléyá.

Mo pe ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo ní kó to agolo. Ó tò wọ́n bí mo ṣe tò ó nígbà yẹn, lórí tábìlì kan náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kan náà, mo sì gbé kámẹ́rà fún un. Ó ya mẹ́wàá láti ihò òkè, ó ya mẹ́wàá nínú live view. A gbé wọn sórí kọ̀ǹpútà, a fẹ̀ wọ́n. Ó fi ìka tọ agolo kẹta, ó ka lẹ́tà wínníwínní tí wọ́n fi kọ ìwọ̀n mílíìkì inú rẹ̀ sókè fún mi, ó ṣí èyí tó tẹ̀ lé e, ó tún kà á.